Bí a ṣe ń fi watercolour (ọ̀dà tí a ń fi omi pò) ya ìrọ̀lẹ́ Abẹ́òkúta kí ilẹ̀ tó ṣú

Ẹni tó bá ti jókòó sórí òkúta kan ní Abẹ́òkúta rí ní nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ á mọ̀ pé oòrùn tiwa kì í rọra lọ, ńṣe ló máa ń já bọ́. Ẹ ó rí i lókè odò Ògùn lọ́hùn-ún tó pọ́n bí epo, ẹ ó ní kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kan omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ tó gbójú sókè ó ti ku bí èékánná. Láti ìgbà tí ìdí oòrùn bá ti kan ilẹ̀ títí tí ẹ ò fi ní rí i mọ́, ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ máa ní bí ogún ìṣẹ́jú tí ojú ṣì ń ríran, òkùnkùn ló kù. Ìdí ni pé ibi tí a wà kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, tààrà ni oòrùn ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ti ìlú òyìnbó ló máa ń gba ẹ̀gbẹ́ wọ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ tiwọn máa ń pẹ́ kó tó ṣú. Tẹ́ ẹ bá wá lọ wo fídíò wọn lórí YouTube tí wọ́n ń sọ pé ẹ kun ìpele àkọ́kọ́, ẹ dúró kó gbẹ, ẹ tún kun òmíràn lé e, tẹ́ ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ilẹ̀ á ṣú mọ́ yín lọ́wọ́ nígbà tí bébà yín ṣì rin.

Èmi náà ti ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo máa ń dúró de ìgbà tí sánmà bá pọ́n dáadáa kí n tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ omi, lójú tèmi ìyẹn ni yíya ìrọ̀lẹ́. Bó bá pọ́n mo fi pupa sí i, bó bá di àlùkò mo fi àlùkò lé pupa, bó bá di eérú mo fi eérú lé gbogbo ẹ̀, tí mo bá wá délé tí mo tan iná, ẹrẹ̀ ni mo máa ń bá lórí bébà. Ó máa ń dùn mí gan-an torí pé ohun tí mo fojú rí rẹwà, mi ò sì mọ ibi tó gbà sọnù. Ohun tó yí i padà fún mi ni pé mo wá rí i pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan kì í ṣe ẹyọ kan, ó tó mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ń tẹ̀ lé ara wọn, ẹ gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú wọn kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àwọn yòókù máa lọ. Àti pé iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀, kí oòrùn tó wọ̀ lẹ ti gbọ́dọ̀ ṣe é. Orí ìyẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí dá lé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí aago. Oòrùn kì í wọ̀ ní àkókò kan náà jálẹ̀ ọdún ní Abẹ́òkúta: ní oṣù kọkànlá ó lè ti wọ̀ ní nǹkan bí 6:25, tó bá di oṣù keje ó máa ń tó nǹkan bí 7:05. Ogójì ìṣẹ́jú ló wà láàárín méjèèjì, kò sì kéré fún ẹni tó jẹ́ pé ogún ìṣẹ́jú ló fẹ́ fi ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá wà níta tẹ́ ẹ fẹ́ mọ iye tó kù, ẹ na ọwọ́ yín síwájú gbọọrọ, ẹ kọ àtẹ́lẹwọ́ sọ́dọ̀ ara yín, kẹ́ ẹ fi ìka wọn àyè tó wà láàárín oòrùn àti ilẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ìka kan jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa o, torí tààrà tó ń bọ̀ yẹn, ìka kan ò ju ìṣẹ́jú méje sí mẹ́jọ lọ. Ìka mẹ́rin jẹ́ bí ààbọ̀ wákàtí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tẹjú mọ́ oòrùn fúnra ẹ̀ bẹ́ ẹ ti ń wọ̀n ọ́n, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò, yàtọ̀ sí pé ó lè ba ojú jẹ́, àmì kan báyìí á máa bá yín lé gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá wò lẹ́yìn ẹ̀, ẹ ò ní mọ àwọ̀ tẹ́ ẹ ń pò mọ́.

Tẹ́ ẹ bá wà láàárín ìlú, mọ́ṣáláṣí ni aago tó dáa jù. Ẹ ti tẹ́ ẹrù yín sílẹ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún, nígbà tí wọ́n ti kírun Àlàásárì tán. Tí ẹ bá gbọ́ ìpè Mọ̀gàríbì, ẹ mọ̀ pé oòrùn ti wọ̀, pupa tó kù lójú sánmà nìkan lẹ ń lò báyìí. Nígbà tí pupa yẹn bá fi parẹ́ tí àkókò Ìṣáì wọlé, búrọ́ọ̀ṣì yín ti yẹ kó wà nínú báàgì.

Ọ̀rọ̀ ibi tẹ́ ẹ máa jókòó sí wá kan. Olúmọ lọ́pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ ronú kàn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, orí ẹ̀ ga tó mítà 137 sí ojú òkun, tẹ́ ẹ bá dókè, yálà ẹ gun àtẹ̀gùn ni o tàbí ẹ wọ líftì tó bá ń ṣiṣẹ́, gbogbo òrùlé ìlú ló tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀ títí dé ọ̀nà odò. Àmọ́ géètì wà níbẹ̀, àkókò títì náà wà, ẹni tó ń ya àwòrán ò sì yẹ kó máa sáré sọ̀ lórí òkúta nínú òkùnkùn pẹ̀lú bébà tó rin lọ́wọ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ fi ọ̀sán lọ Olúmọ pẹ̀lú pẹ́ńsù, kẹ́ ẹ kọ́ bí àwọn òrùlé yẹn ṣe to ara wọn, kẹ́ ẹ wá fi ìrọ̀lẹ́ wá ibòmíì. Abẹ́òkúta ni a wà, òkúta ò wọ́n wa.

Èmi máa ń lo òkúta kan lẹ́yìnkùlé ilé ẹbí kan níhà Ìjẹùn, wọ́n máa ń sá láfún lé e lórí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gùn ún, ìyá àgbà tó nilé yọ sí mi, mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní, "Kí lò ń wá lórí òkúta wa, ọmọ mi?" Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, àwòrán ni mo fẹ́ yà, òrùlé ilé yín ibí yìí ló wù mí." Wọ́n wo òrùlé náà, wọ́n tún wò mí. "Èyí tó ti dógùn-ún yìí? Ó dáa, jẹ́ káwọn ọmọ kó láfún kúrò ńbẹ̀ kó o tó jókòó." Látìgbà yẹn mi ò tíì ní ìṣòro níbẹ̀ rí. Ẹ máa tọrọ àyè o, ẹ kí àgbà, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, torí ẹni tó jókòó tó ń wo ilé onílé fún wákàtí méjì tó sì ń kọ nǹkan sílẹ̀, èèyàn máa bẹ̀rù ẹ̀. Ẹ má sì sún mọ́ bárékè tàbí ibi tí sójà bá wà, kò sí àwòrán tó tó ìyẹn.

Nǹkan kan tún wà tí èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ ronú kàn: ẹ lè kọ ẹ̀yìn sí oòrùn. Tẹ́ ẹ bá kọjú sí i, sánmà ló máa jẹ́ ọba nínú àwòrán yín, ilé àti igi á kàn ṣú dúdú níwájú ẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá kọ ẹ̀yìn sí i, ẹ máa rí ohun tí oòrùn ń wò: òkúta tó jẹ́ eérú lọ́sàn-án á gba àwọ̀ ọsàn, ògiri amọ̀ á pọ́n, òjìji ara yín á na gbọọrọ níwájú yín, sánmà apá ìlà oòrùn á sì ní píńkì kan báyìí tó tutù. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni mo máa ní kó ti bẹ̀rẹ̀, ó rọrùn fún ojú, àwọ̀ náà kì í sì tètè yí padà bíi ti iwájú.

Ẹrù ò gbọ́dọ̀ pọ̀. Bébà lẹ ò gbọdọ̀ fi ṣe ahun. Ẹ ra èyí tó nípọn tó 300gsm (ìyẹn gíráàmù 300 fún mítà kan níbùú lóròó), tó bá lè jẹ́ òwú ni wọ́n fi ṣe é lódindi ẹ dúpẹ́, torí bébà tó fẹ́lẹ́ máa ń ká, omi á rọ́ sínú kòtò, ọ̀dà á tẹ̀ lé e. Mo ti ra bébà kan rí tí wọ́n kọ 300gsm sí lára, mo da omi sí i lójú sánmà kan tó dáa gan-an, ó bó bí awọ àlùbọ́sà, látìgbà yẹn mo máa ń ra ẹyọ kan kí n tó ra ìdì, kí n lọ fi omi dán an wò nílé. Ẹ gé e kéré, kò yẹ kó ju ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé lọ, èyí tó tóbi ò ní parí kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ fi téèpù lẹ ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ pátákó. Búrọ́ọ̀ṣì méjì tó fún yín: ńlá kan tó lè gba omi dáadáa, kékeré kan tó lẹ́nu ṣóńṣó. Àpótí tí a ń jókòó lé, omi ìgò méjì, ọ̀kan fún fífọ búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan tó mọ́, àkísà tàbí tíṣù, àti nǹkan tí ẹ máa fi pa ara torí ẹ̀fọn.

Ọ̀dà márùn-ún ni mo ń gbé jáde: New Gamboge (yẹ́lò), Yellow Ochre (yẹ́lò bí amọ̀), Permanent Rose (píńkì tó jinlẹ̀), Burnt Sienna (pupa bí ìpẹtà), Ultramarine (búlúù). Mo mọ̀ pé àpótí tó ní àwọ̀ mẹ́rìnlélógún máa ń wuni, àmọ́ ogún ìṣẹ́jú lẹ ní o, ẹ ò ní àyè láti máa wá àwọ̀ kiri. Ẹ yẹra fún Alizarin Crimson, pupa kan tó jẹ́ ti àtijọ́, ìmọ́lẹ̀ máa ń jẹ ẹ́ lára ògiri títí á fi ṣí, Permanent Rose ò rí bẹ́ẹ̀. Dúdú inú àpótí, ẹ fi í sílẹ̀ nílé. Burnt Sienna àti Ultramarine tẹ́ ẹ bá pò wọ́n nípọn, ẹ máa rí òkùnkùn tó ní ẹ̀mí nínú, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó gbóná ẹ fi sienna ju, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó tutù ẹ fi búlúù ju.

Kí n tó dórí kíkùn gan-an, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó jẹ́ pé ìgbà tó yé mi ni watercolour tó yé mi. Àwọn ìyá wa tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Tí wọ́n bá fi ìyẹ́ kọ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, wọn ò kun funfun o, funfun ti wà lára aṣọ tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń bò ó kí aró má bàa débẹ̀. Tí wọ́n bá rẹ ẹ́ sínú aró tán tí wọ́n ha ẹ̀kọ yẹn kúrò, ọnà á yọ. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí ọnà máa wà kó tó ti aṣọ bọ ìkòkò aró, kò sí ohun tó fẹ́ ṣe sí i lẹ́yìn ẹ̀ mọ́. Bí watercolour ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Kò sí ọ̀dà funfun tó mọ́lẹ̀ tó bébà. Oòrùn tó wà nínú àwòrán yín, bébà ni. Ojú odò tó ń dán, bébà ni. Etí páànù tó mú iná, bébà náà ni. Ẹ ti gbọ́dọ̀ pinnu ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa wà kí omi tó kan nǹkan kan, mo sì máa ń sọ pé ibi mẹ́ta péré, tó bá ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ àwòrán á fọ́n ká.

Ó yá, aago márùn-ún ààbọ̀ ti lù. Ẹ fi pẹ́ńsù ya ilà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́: ibi tí sánmà ti kan ilẹ̀, èyí tí mo máa ń fi sísàlẹ̀ gan-an tí sánmà bá ní ìkùukùu tó dáa, tàbí sókè gan-an tó bá jẹ́ òrùlé ni mo fẹ́ yà. Àárín ò dáa. Ẹ yí róbótó kékeré kan fún oòrùn níbi tó MÁA wà lásìkò tẹ́ ẹ mú, kì í ṣe ibi tó wà báyìí, ẹ rántí pé tààrà ló ń sọ̀ kalẹ̀ nítorí náà kò ṣòro láti mọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ po ọ̀dà sílẹ̀. Adágún mẹ́ta sí ojú páléètì, ìyẹn àwo tí a ń po ọ̀dà sí, kó pọ̀ dáadáa, torí tó bá tán láàárín sánmà ẹ ò ní rí irú ẹ̀ pò mọ́. Àkọ́kọ́, New Gamboge tó ṣàn bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Ìkejì, Permanent Rose bíi zóbò tí wọ́n bomi là. Ìkẹta, Ultramarine tó ní rose díẹ̀ nínú, ìyẹn kó nípọn jù wọ́n lọ díẹ̀. Ẹ dán wọn wò lórí bébà àjákù, kẹ́ ẹ sì rántí pé tí watercolour bá gbẹ ó máa ń ṣí, ohun tó bá dà bíi pé ó ti pọ̀ jù lójú yín nígbà tó tutù ló máa tó tó bá gbẹ.

Ẹ má tíì kun sánmà o. Ẹ máa wò. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wá sí bí ìka kan àbọ̀ sí ilẹ̀. Àsìkò yìí lèmi fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, èéfín ìdáná máa ń yọ láàárín ilé, lékeléke á máa fò kọjá lọ sùn, ohùn àwọn ọmọ tó ń bọ̀ láti ibi bọ́ọ̀lù, ẹ sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú omi tó mọ́ nínú ìgò tẹ́ ẹ mọ̀ pé gbogbo nǹkan ti wà nílẹ̀. Tó bá ti débẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ńlá rẹ ojú sánmà lómi, gbogbo ẹ̀, àfi róbótó oòrùn. Ẹ wá tẹ orí yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ wo bébà láti etí. Tó bá ń dán bíi dígí, omi ti pọ̀ jù, tí ẹ bá fi ọ̀dà sí i báyìí á máa léfòó kiri. Ẹ dúró. Tó bá wá ń dán bí awọ ara tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí pa, ìgbà yẹn gan-an ni. Tí dídán yẹn bá ti lọ ṣùgbọ́n tí bébà ṣì tutù lọ́wọ́, ẹ ti pẹ́, omi kékeré tó bá kán sí i nígbà yẹn á ti ọ̀dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ya wúruwùru bí etí ewé ẹ̀fọ́, kò sì sí àtúnṣe ẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara oòrùn bọ̀ sóde. Yẹ́lò yí i ká, kẹ́ ẹ fà á gba gbogbo ìsàlẹ̀ sánmà. Lókè yẹ́lò ni rose, ẹ jẹ́ kí etí wọn wọnú ara wọn, ibẹ̀ á di àwọ̀ ọsàn fúnra ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ pò ó. Lókè rose ni búlúù. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: yẹ́lò ò gbọdọ̀ pàdé búlúù. Tí wọ́n bá ti fẹnu ko ara wọn, sánmà yín á di ewé, kò sì sí ìrọ̀lẹ́ tó ní àwọ̀ ewé tẹ́ ẹ ti rí rí. Rose ló ń là wọ́n. Òun ló dà bí aládùúgbò tó mọ àwọn ìdílé méjèèjì. Kẹ́ ẹ sì fi òkúta kékeré kan gbé etí ìsàlẹ̀ pátákó sókè díẹ̀, kí omi lè máa ṣàn kúrò lọ́dọ̀ oòrùn lọ sókè, tí ẹ bá gbé e lódìkejì, búlúù á ṣàn wá pa yẹ́lò. Tí ìkùukùu bá wà, ẹ fi èyí tó ṣẹ́ kù lórí búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ló máa gba pupa torí pé ìsàlẹ̀ ni oòrùn tó ti lọ sílẹ̀ ń wò. Gbogbo èyí ò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ọwọ́ kúrò. Sánmà òkè gidi á tún pọ́n ju èyí tẹ́ ẹ kùn lọ, ọkàn yín á ní kẹ́ ẹ fi kún un. Ẹ má fi kún un. Ẹ ti mú tiyín. Tó bá ń wù yín jù, ẹ fa bébà kékeré míì yọ kẹ́ ẹ kun sánmà tuntun yẹn nìkan sórí ẹ̀, láìní ilé láìní igi, irú wọn ni mo fi ń kọ́ àwọ̀ jù.

Bí sánmà bá ṣe ń gbẹ, àwọn òkè tó jìnnà ní ìkọjá odò ni kẹ́ ẹ fi sí i, àlùkò tó fẹ́lẹ́, nígbà tí bébà ṣì tutù díẹ̀ kí etí wọn má bàa le. Ẹ wá jẹ́ ká bọ́ sí òrùlé, torí láìsí òrùlé kò sí Abẹ́òkúta.

Nígbà táwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ òkúta yìí ní 1830 pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́ aṣáájú wọn, ìlú ìlú ni wọ́n jókòó, Aké lọ́tọ̀, àwọn yòókù lọ́tọ̀, wọ́n sún mọ́ ara wọn, wọ́n sì yí òkúta ká bí òkúta ṣe gbà wọ́n láàyè. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá wo òrùlé ìlú àtijọ́ láti òkè, kò sí ìlà kan tó gún, gbogbo wọn ló fara ti ara wọn. Àṣìṣe tí àwọn èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọn ní kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, títí wọ́n á fi rí bí páálí ìṣáná tí wọ́n tò. Ẹ ya wọn bíi nǹkan kan ṣoṣo. Ẹ ṣẹ́jú díẹ̀ títí ẹ ò fi ní rí ilé mọ́, àwọ̀ àwọ̀ nìkan. Ẹ po Burnt Sienna pẹ̀lú rose díẹ̀, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ńlá kun gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fò àwọn ibi tẹ́ ẹ ti sọ pé bébà máa wà, ilà tín-ín-rín níbi tí orí páànù ti mú iná. Nígbà tó ṣì rin, ẹ kán Ultramarine sí ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ò wò, ó máa tàn ká fúnra ẹ̀. Ohun tó fi bá ara mu tó bẹ́ẹ̀ ni pé ohun tó sọ páànù wa di pupa àti ohun tó wà nínú Burnt Sienna, nǹkan kan náà ni, ìpẹtà irin ni méjèèjì. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo mọ ìyẹn. Ẹ ò ya àwọ̀ ìlú yìí, òun gan-an lẹ fi kùn ún.

Tó bá gbẹ tán, ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré, ẹ fi òkùnkùn tó nípọn fa ilà mélòó kan sábẹ́ etí òrùlé tó sún mọ́ yín jù, mẹ́fà, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ẹni tó ń wò á fi ìyókù kún un. Fèrèsé kan tàbí méjì, ṣóńṣó ṣọ́ọ̀ṣì kan tàbí mọ́ṣáláṣí kan, igi àgbọn kan. Àwọn páànù ìgbàlódé tó ń dán, ẹ má fi sienna sí wọn, wọ́n máa ń gba àwọ̀ sánmà, rose fẹ́ẹ́rẹ́ tó fún wọn. Fún òkúta, Ultramarine àti Burnt Sienna tó lómi, ẹ dà á lé bébà kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, má rò ó, má fà á, Ultramarine máa ń sẹ̀ sínú ihò bébà bí iyanrìn wẹ́wẹ́, ara òkúta á yọ fúnra ẹ̀. Ojú ẹ̀ tí oòrùn wò, Yellow Ochre pẹ̀lú rose.

Ìgbà tún ń ṣe tiẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, eruku á bo gbogbo nǹkan, oòrùn á dà bí owó bàbà, sánmà ò ní pọ́n rárá, wàrà tí wọ́n da tíì sí ló máa jọ. Ẹ má fi pupa tí kò sí níbẹ̀ sí i, Yellow Ochre àti búlúù díẹ̀ ló máa gbé e jáde, òkè tó jìnnà ò ní hàn, òrùlé kejì gan-an á ti ń parẹ́. Bébà máa ń gbẹ wàràwàrà nígbà yẹn, ẹ mú ìgò tó ń fọ́n omi dání. Lásìkò òjò ó yàtọ̀, ó lè má gbẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ mú abẹ̀bẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi àyè funfun sílẹ̀ láàárín sánmà àti ilẹ̀ bí okùn, kí wọ́n má bàa ṣàn wọnú ara wọn. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí afẹ́fẹ́ ti mọ́ tí ìkùukùu ṣì kù lókè, pàápàá ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ẹ fi gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń ṣe sílẹ̀ kẹ́ ẹ jáde.

Ẹ lè ya fọ́tò o, àmọ́ ẹ má gbà á gbọ́ tán. Fóònù máa ń sọ ilẹ̀ di dúdú kirikiri, á sì fi ọsàn kún sánmà, nígbà tí ojú yín rí àlùkò àti búlúù nínú òjìji yẹn. Ẹ má sì tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti fi parí iṣẹ́, àwọ̀ tẹ́ ẹ pò lábẹ́ iná yẹn kì í ṣe òun lẹ máa bá láàárọ̀. Tí ẹ ò bá ti rí ìyàtọ̀ láàárín búlúù àti sienna lójú páléètì mọ́, ó ti tán fún tòní.

Ẹ gbé e délé ní títẹ́, ẹ má ká a. Ẹ má yọ téèpù títí á fi gbẹ wọnú. Lọ́jọ́ kejì ẹ gbé e sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ wò ó láti òkèèrè, tó bá kù díẹ̀ káàtó, òkùnkùn ìsàlẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ fi kún, ẹ má kan sánmà. Kẹ́ ẹ wá fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn: ibi tẹ́ ẹ jókòó sí, ọjọ́, aago tẹ́ ẹ mú, bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Lẹ́yìn tèmi tó wà níwájú mi báyìí, ohun tí mo kọ ni, "Ìjẹùn, oṣù kọkànlá, 6:15, ọyẹ́ ò tíì dé, wọ́n kó láfún kúrò."